Ẹja Ìyá Ìjọ Nínú Fírísà Wa

Ọpẹ́ mi kì í tán lọ́dọ̀ Ọlọ́run Allah, tó dá mi sí, tó sì fi aládùúgbò rere yí wa ká nígbà èwe mi.

Òórùn epo bẹntiróòlù ló máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ganaja. Ọ̀sán ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni, ilẹ̀ Lọ́kọ́ja gbóná bí agbada gaàrí. Iná ti lọ láti ọjọ́ mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa nìkan ló kù. Òfin bàbá mi ni pé fírísà la ó kọ́kọ́ tàn. Bí ohùn jẹnẹrétọ̀ bá rọlẹ̀ tán, a lè wá tan fáànù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kún un.

Aládùúgbò wa, ìyá Yàgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìjọ, ló wọlé dé tòun ti agbada ẹja lórí.

"Ọ̀kun o, Àlàájì. Jẹnẹrétọ̀ wa ti kú. Ọ̀la ni ìkómọ ọmọ-ọmọ mi, ẹja sì ti ń rọ̀."

Ìyá mi kò gbọ́ ọ tán tó fi ń kó ìgò sóbò, omi ìṣápá tútù tá a fẹ́ fi ṣínu, síta, kí ẹja lè ráyè.

"Sóbò gbígbóná la ó wá mu?" ni bàbá mi wí.

"Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i," ni ìyá mi fèsì.

Ẹ̀rín ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu wa tí jẹnẹrétọ̀ fi wúkọ́, tó dákẹ́. Àṣé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ jàlàbíà tó fẹ́ wọ̀ lọ sí mọ́sálásí! Gbogbo ilé figbe ta. Bàbá mi fa okùn títí, ẹ̀rọ ti gbóná jù, kò dáhùn. Omi ẹkún ti lé sójú Ìyá Ìjọ. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ náà bí ẹni ń fẹ́ aláìsàn. Nígbà tó tutù díẹ̀, bàbá mi di okùn mú.

"Bísímílàhì!"

"Lórúkọ Jésù!" ni Ìyá Ìjọ ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ bú ramúramù.

"Ẹ má bi í léèrè ẹni tó dá lóhùn o," ni ìyá àgbà wa wí láti orí ẹní rẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́."

Sóbò lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ṣínu lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín kò sì jẹ́ ká mu ún dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìjọ gbé ẹja díndín wá, ó sì jókòó tì wá títí wọ́n fi pe ìrun ìṣínu kó tó ṣí abọ́.

Mo ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ lórí ààwẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òùngbẹ tèmi lè di àyè fún ayọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fún yín ní aládùúgbò tó lè kanlẹ̀kùn yín láìtijú, kí ilé yín má sì ṣe kún jù láti gbà á.