Èèrà Lẹ́yìn Ilé Àmúsà

Nígbà tí Àmúsà ará Agbóyi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí iná, ẹni àkọ́kọ́ tó fura sí ni ìyàwó rẹ̀.

Ọkùnrin tó taagun ni tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò, kò sì sí ọkọ̀ tó ń jò tí apá rẹ̀ kì í ká. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù márùn-ún péré, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́. Á mu omi títí, òùngbẹ á tún máa gbẹ ẹ́. Ìtọ̀ kì í jẹ́ kó jókòó. Ó ń jẹun bí ẹni tó ti oko ìyàn dé, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

"Ẹni tó ń jẹun tó ń rù, oúnjẹ rẹ̀ ni kí á wò," ni Àmúsà ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ta ló ń se oúnjẹ náà? Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ ń gbé, kò sì rí ibi lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó wá di pé kí Sẹ̀kínátù kọ́kọ́ jẹ òkèlè kan lójú rẹ̀ kí òun tó fọwọ́ kan àwo. Sẹ̀kínátù á jẹ ẹ́, á nu ọwọ́ sára ìró, á sì padà sídìí ẹja tó ń yan. Kò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an tún ń kó Àmúsà láyà sókè.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Rẹ̀mílẹ́kún, tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Ó ti di ọdún kẹrin tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ náà sì wà ní kíláàsì kẹrin ní Kétu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àmúsà bọ́ sẹ́yìn ilé láti tọ̀, ó sì bá ọmọ yìí lórí ìlóṣòó, ó ń fi igi kékeré tọ́ ilẹ̀ ibi tí òun máa ń tọ̀ sí gan-an.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ọmọ náà ta gìrì. "Èèrà ni mò ń wò, Bàbá. Wọ́n ṣù bo ibi tí ẹ tọ̀ sí."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Tíṣà wa ló sọ pé…"

Àmúsà gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí àwọn ẹni ibi ń fi iyẹ̀pẹ̀ tí ènìyàn tọ̀ sí ṣe? Àṣé wọn kì í ṣe ẹnì kan, ìyá àti tíṣà ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n! Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọkọ̀ sọdá, ó di Kétu.

Tíṣà Ògúnmẹ́fun ti fa ìlà sí àárín pátákó nígbà tí wọ́n wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ yìí." Àmúsà dúró ti fèrèsé, kò ṣẹ́jú.

Tíṣà tọ́ka sí apá kan: ìgbóná, ikọ́ àwúgbẹ, kúrúnà. "Èyí ń ràn. Èémí lè gbé e, ọwọ́ lè gbé e, aṣọ lè gbé e." Ó kọjú sí apá kejì. "Èyí kì í ràn, ṣùgbọ́n ó ń bá ènìyàn gbé pẹ́. Báwo la ṣe ń dá ìtọ̀ ṣúgà mọ̀?"

Àwọn ọmọ pariwo pọ̀: "Òùngbẹ! Ìtọ̀ gbogbo ìgbà! Rírù! Èèrà á máa bo ìtọ̀ rẹ̀!"

Lójú Àmúsà, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò. "Tíṣà, ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún yín?"

Tíṣà ṣí ìwé àtijọ́ kan. "Bàbá, èmi kò mọ̀ yín. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ èṣí rèé."

Àmúsà kò mọ̀wé kà, kò sì gbà á gbọ́. "Bí kì í bá ràn, ta ló gbé e fún mi?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e fún yín. Nínú ara yín ló ti ṣẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ọjọ́ kẹta ni ó lọ sí ọsibítù kan ní Èkó. Ó mú Sẹ̀kínátù dání, nítorí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Òṣìṣẹ́ kan kán ìtọ̀ rẹ̀ sínú oògùn olómi aláwọ̀ búlúù, ó gbé e kaná, omi náà sì pọ́n bí bíríkì, èyí tó fi hàn pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà.

"Oògùn yín ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀," ni Àmúsà wí. "Ẹ se tìyàwó mi."

Sẹ̀kínátù gba ìgò, ó lọ, ó bọ̀. Wọ́n sè é. Búlúù ni ó wà.

"Ẹ se tiyín náà."

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é. Búlúù náà ni. Àmúsà wo ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe tò, kò rí ẹni tí yóò tún bi.

Dókítà ní àrùn náà kò ní lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé bá gbé: abẹ́rẹ́ láràárọ̀, kí ó sì dín ẹ̀bà àti ohun dídùn kù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó gba abẹ́rẹ́, Àmúsà á ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi ìgò oògùn han òun. Díẹ̀díẹ̀, òùngbẹ rọlẹ̀, ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀.

Ìgbà tí ó gbádùn tán ni Sẹ̀kínátù kó aṣọ rẹ̀. Ó ní òun ti dúró kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun sá fún aláìsàn. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòsí.

Oṣù kejì ni Àmúsà tó lọ bá wọn. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. "Mo pe ìyàwó mi ní ohun tí kì í ṣe," ló wí. "Kò fi nǹkan kan sínú oúnjẹ mi. Iwájú yín ni mo ti fẹ́ sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n àgbà yíjú. "Sẹ̀kínátù, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà dáhùn. "Kó máa lọ ná. Màá bọ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Agbóyi, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí rẹ̀.