Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Tó Tún Iṣẹ́ Mi Kọ́ Mi

"Ẹ má rà á."

Ohun tí mo sọ fún Àǹtí Ìbùkún nìyẹn lọ́jọ́ tí a jọ dúró nínú ọgbà kan ní Sùúrùlérè, tí à ń wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà kan tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jo wọlẹ̀, ewé máńgòrò ti bo orí rẹ̀, àwọn alángbá sì ti fi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe ilé. Mẹkáníìkì ni mí ní Múṣín, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Bí oníbàárà mi bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, èmi ló máa ń mú dání kí n bá òun wò ó. Wàhálà ni mo rí níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Kọ̀ǹpútà ni Ìbùkún fi ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le ju òkúta lọ.

"Ọ̀gá Mufú, mo ti rà á," ló fèsì. "Ìwé ẹ̀ ló wà nínú báàgì mi yìí."

"Kí wá lẹ gbé mi wá wò?"

"Ẹ wá wo ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Inú bí mi. Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ tó ti parí. Mo ti kọjú sí géètì kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Dírẹ́bà ni bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ yìí fún oníṣòwò kan tó ti di olóògbé. Àràárọ̀ ni wọ́n ń nù ún, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ọ̀gá lọ sílé ìwé, wọ́n ń gbé ọ̀gá lọ síbi tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà lókè òkun, ọkọ̀ sì jókòó sábẹ́ máńgòrò. Bàbá Ìbùkún náà ti darúgbó báyìí, orúnkún wọn kò gbọ́ràn mọ́. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ń bọ̀ lópin ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sí délé," ló sọ. "Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá wọn máa ń jókòó sí."

Mo yíjú kúrò ní géètì. Mo ní kó lọ wá ọkọ̀ tó máa fa èyí wá sí Múṣín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àwọn ọkọ̀ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, mìlímítà ni ìwọ̀n nọ́ọ̀tì wọn. Ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, íǹṣì ni. Bí o bá ki sípánà mẹ́tàlá bọ nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì, yóò dà bíi pé ó wọ̀ ọ́. Ìgbà tí o bá fagbára sí i ni yóò yí, igun nọ́ọ̀tì yóò bó, ìwọ náà yóò sì gbá ọwọ́ mọ́ irin. Lẹ́yìn tí mo ti bó nọ́ọ̀tì mẹ́ta, tí ìka mi méjì sì ti wú, mo lọ sílé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Làmídì, mo yá sípánà oníǹṣì tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ayé ọjọ́un. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa tó ń jókòó kí wọ́n tó jókòó.

Oṣù márùn-ún la fi wà lórí ẹ̀. Mo fọ táǹkì epo, mo tú kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ gbogbo páìpù bíréèkì. Pánẹ́bítà lu ara rẹ̀ títí ó fi dán, akunkọ̀ kùn ún ní ọ̀dà dúdú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Búùtù rẹ̀ nìkan, yàrá tí mo kọ́kọ́ gbé ní Èkó kò tó o. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jí, èéfín dúdú bo gbogbo àdúgbò, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní iwájú wa ṣépè fún mi, èmi sì ń jó.

Kí n tó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì pa, mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe sí ọkọ̀ gbogbo. Mo yọ tẹmọ́sítáàtì. Irin kékeré kan ni, kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, ẹnu ọ̀nà tí omi ti ń kúrò lára ẹ́ńjìnnì lọ sínú rẹdiétọ̀ ló ń wà. Bí omi bá tutù, ó máa ń panu dé. Bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n, á ṣí. Àṣà tí a bá nílẹ̀ ni pé ká máa yọ ọ́. Ọ̀gá Làmídì sọ fún mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ pé òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, pé kí ló fẹ́ máa dí omi lọ́nà sí ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ méjìlélógún tí mo kọ́. Mo ju ti ọkọ̀ yìí sáàárín àlòkù irin, àwọn tó ń ra irin sì kó o lọ.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n lọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo gbé ọkọ̀ lọ sílé Bàbá ní Sùúrùlérè kí a fi gbé wọn ṣeré díẹ̀. Wọ́n wọ agbádá. Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí Ìbùkún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de àṣẹ, kí wọ́n tó wọlé. Ìbùkún jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

A ò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi na ọrùn wo iwájú.

"Abẹ́rẹ́ ìgbóná ẹ́ńjìnnì yẹn ò gòkè tó. Ṣé o rí i?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọkọ̀ tó bá tutù lara rẹ̀ ń yá."

Ní ìhà Ìgànmú, ọ̀nà là, mo ní kí n fi agbára ẹ́ńjìnnì náà hàn wọ́n, mo tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lójijì ni abẹ́rẹ́ tó ti ń sùn dìde, ó lọ tààrà sójú pupa, èéfín sì bo gíláàsì iwájú. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa á.

Bàbá sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dúró tì mí níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ó fi tutù díẹ̀.

"Tẹmọ́sítáàtì ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́, Bàbá."

"Ta ló ní kó o yọ ọ́?"

Mo fi àkísà nu ọwọ́ mi.

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ni wọ́n wí, "ọkọ̀ yìí ò gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Omi tó ń sáré kọjá nínú rẹdiétọ̀, ìgbà wo ló máa ráyè tutù? Mẹkáníìkì, o yọ ohun tó ò mọ iṣẹ́ ẹ̀." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìbùkún, wá takisí fún mi. Mi ò lè jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yìí mọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀."

Mo rí ojú Ìbùkún. Ó wá takisí náà, kò bú mi, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó ní, "Ọ̀gá Mufú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe," ó sì bá bàbá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá tẹmọ́sítáàtì káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Sàlíù, ọmọ iṣẹ́ mi àná tó ti dá dúró, gbá ọwọ́ mọ́ itan.

"Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ ní ká máa jù nù yẹn náà lẹ tún ń wá?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín orí ètè. Ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ni mo ti padà rí èyí tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ eruku orí páálí rẹ̀, ó ní, "Ta ni mẹkáníìkì tó rán ẹ níṣẹ́ yìí? Ó mọṣẹ́ o." Mo ní èmi ni mẹkáníìkì náà. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

Mo lè rọra dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń rántí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjìlélógún yẹn, àti gbogbo ọkọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ wọn. Mo lọ bá Ọ̀gá Làmídì nílé ní ọjọ́rú, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ ní mítínnì ẹgbẹ́ wa lọ́la.

Ojú wọn le. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Mo dúró sí pálọ̀ títí ìyàwó wọn fi ní kí n máa lọ.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí a ó fi ṣe mítínnì ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tán. Mo gbé sítóòfù dání, mo gbé ìkòkò kékeré, omi, àti tẹmọ́sítáàtì tí mo fi wáyà so. Ọ̀gá Làmídì wà lórí àga wọn níwájú. Wọn ò wo ojú mi. Mo gbé omi kaná, mo sọ irin náà sínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń pariwo pé Ọ̀gá Mufú ń se ẹran irin, kí wọ́n fi ata sí i. Omi gbóná, kò sí nǹkan. Àágùn bò mí. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, irin kékeré náà rọra la ẹnu. Mo gbé e sókè, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó pa á dé.

Àwọn tó ń pariwo sún mọ́ ìkòkò.

"Tún un sè," ni Ọ̀gá Làmídì wí.

Mo tún un sè. Ó là, ó pa dé.

"Tún un sè."

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ Mufútáù. Kò sẹ́ni tó sè é wò nínú wa." Wọ́n jókòó.

Mo yíjú sí àwọn tí mo kọ́. Mo ní, "Àṣìṣe ni mo kọ́ yín. Ẹ forí jì mí. Ẹ má yọ ọ́ mọ́." Sàlíù ló dá mi lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí: "Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, Ọ̀gá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ìkòkò mọ́.

Nígbà tí mo ti de tuntun náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí mo sì ti sáré dán an wò lójú ọ̀nà gbọọrọ, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní mítínnì fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìwọ ló máa wà á?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Màá wo abẹ́rẹ́ yẹn."

Wọ́n sì wò ó lóòótọ́. Láti Sùúrùlérè, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn di àga iwájú mú, ojú wọn ń gba orí èjìká Ìbùkún kọjá. Ẹ ò lè mọ̀ àfi tí ẹ bá ti gbé dírẹ́bà àgbà rí: wọn kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bá ń wà. Ẹsẹ̀ wọn á máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbì, gbì, ní gbogbo ibi tí mo bá ti fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀. A dé Ìbàdàn, ó wà láàárín. A kúrò ní Ìbàdàn, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ìbùkún fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo wo dígí. Bàbá ti fẹ̀yìn ti àga, fìlà ti bo ojú kan, ẹnu wọn là, wọ́n ń hanrun.

Títí a fi wọ agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò jí. Àwọn mọ̀lẹ́bí tú jáde, wọ́n fẹ́ máa hó, mo sáré na ìka sétè. Wọ́n dúró yí ọkọ̀ gígùn náà ká, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń yọjú wo Bàbá láti ojú fèrèsé.

"Ṣé ká jí wọn?" ni Ìbùkún bi mí ní jẹ́jẹ́.

Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, ẹnì kan ò tíì yìn mí báyẹn rí. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ má bàa jí wọn.