Òrùlé Tí Wọ́n Ká ní Ìjẹ̀gùn

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí kan ní Ìdímù, àwa lọ́yà mélòó kan tí a fi ara wa jìn láti gba ẹjọ́ àwọn tí kò lágbára àtisanwó lọ́yà. Mo ní a máa ń jókòó, ṣùgbọ́n èmi kì í jókòó. Bí mo bá ń gbọ́ ti ẹnì kan, ojú mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń wo ẹni tó kàn. Láàárín ọ̀sẹ̀, Ìkẹjà ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi, ọ̀gá mi níbẹ̀ kò sì fẹ́ràn wàhálà tí mò ń kó lé ara mi lórí káàkiri Alímọ̀ṣọ́.

Ojú ọ̀run ti ṣú lọ́jọ́ tí ìyá aránṣọ kan wọlé. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, torí pé láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Aládùúrà ló ti ń bọ̀. Ó tó ẹni tó bí mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "wọ́n ti ká òrùlé orí mi."

Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló kú. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Rárá o. Páànù ni mò ń wí. Lánlọ́ọ̀dù mi mú káfíńtà wá, wọ́n gun orí yàrá mi, wọ́n ṣí i bí ẹni ṣí ìkòkò."

Mo bi í bóyá owó ilé ló dá a sílẹ̀. Ó ní òun kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Bàbá náà fẹ́ ta ilé ni, ẹni tó fẹ́ rà á sì ní òun kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn ayálégbé yòókù ti kó lọ. Òun nìkan ló ní kí wọ́n fún òun ní àkókò tí òfin sọ. Páànù tí wọ́n ká yìí ni ìdáhùn tí wọ́n fún un.

Lọ́yà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n dúró di Mọ́ńdè ná. Mi ò lè dúró. Èmi àti ìyá gun ọ̀kadà, ó di Ìjẹ̀gùn.

Mo ti rí ilé tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ rí, ṣùgbọ́n mi ò dúró nínú yàrá ènìyàn rí kí ẹyẹ fò kọjá lórí mi. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró ti ògiri. Ó fi ọ̀rá bo máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Sùtánà ló ń rán fún àwọn ìjọ àdúgbò; aṣọ funfun tí àwọn oníbàárà kó fún un ti gba omi ìpẹtà láti ara páànù tí wọ́n ká, àbàwọ́n pupa wà lára rẹ̀ káàkiri.

Iwájú ilé náà ni lánlọ́ọ̀dù ń gbé, páànù sì wà lórí tirẹ̀. Bàbá arúgbó ni, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bó ti wù kí ẹjọ́ le tó, àgbà ni àgbà.

"Bàbá, òfin ò fún yín láṣẹ ohun tí ẹ ṣe yìí."

"Ṣé mo fọwọ́ kàn án ni? Yàrá rẹ̀ nìyẹn, kó máa gbé inú rẹ̀. Páànù tèmi ni mo ká."

"Bí òjò bá wá pa á ńkọ́, sà?"

"Àbí èmi ni mò ń rọ òjò?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára dọ́jọ́ tí a gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Lọ́jọ́ náà, adájọ́ kò wá. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ń rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé pálọ̀. Mo pe ìyá lórí fóònù, kò lọ. Mo tún un pè.

Ọkọ mi ní, "Jókòó, jàre. Bí o bá ń rìn yíká báyìí, ṣé òjò á dá ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò lọ sí ibi iṣẹ́, Ìjẹ̀gùn ni mo gbà lọ. Mo bá yàrá náà tí omi kún un. Ìyá kò sí níbẹ̀. Aládùúgbò kan ló tọ́ka ṣọ́ọ̀ṣì sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá a, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin ìjọ ló bá a gbé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

"Fóònù yín ńkọ́, Mà?"

"Ó mumi ṣá ni." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Mi ò tíì jẹun. Ó bu àkàrà ọwọ́ rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ tí adájọ́ wá jókòó, obìnrin ni. Ó gbọ́ ẹnu wa tán, ó wá kọjú sí lánlọ́ọ̀dù.

"Bàbá, nígbà tí òjò ńlá yẹn rọ̀, níbo lẹ wà?"

"Nínú ilé mi, Mà."

"Ṣé òjò pa yín?"

"Rárá, Mà."

"Kí ni kò jẹ́ kó pa yín?"

Adájọ́ pàṣẹ pé kó dá òrùlé padà kíákíá, kó sì fún ìyá ní àkókò tó tọ́ lábẹ́ òfin kó tó lè ní kó jáde.

Mo lọ dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kan páànù náà padà. Káfíńtà tó ká a náà ló kàn án, kò sì wo ojú wa. Ó fi ọ̀dà dí àwọn ihò ìṣó àtijọ́. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀ wàyí. Kò pẹ́ tí ìyá fi sọ fún mi pé òun fẹ́ kó lọ sí Ìgàndó.

Inú bí mi. "Mà, kí la wá jà fún nígbà náà?"

"Mi ò rí oorun sùn níbẹ̀ mọ́. Bí ológbò bá rìn lórí páànù, mo ti dìde. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ gbà jáde, kí n kí àwọn ará àdúgbò pé ó dàbọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dà mí nù bí omi ìfọwọ́."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ta ilé náà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí.

Mo lọ kí i ní Ìgàndó. Ibi tó ń gbé kéré, ṣùgbọ́n aṣọ funfun kún ibẹ̀ dé àjà. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Mi ò tíì mú ṣíbí tí fóònù mi fi dún: onílé kan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyálọ́mọ kan síta ní Ẹgbẹ́dá, ẹrù ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé. Mo dìde.

"Jẹun ná!" ìyá pariwo. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó di mọ́ínmọ́ín náà sínú ọ̀rá, ó tì í bọ inú báàgì mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì jáde lọ dá ọ̀kadà dúró fún mi. Orí ọ̀kadà ni mo ti jẹ ẹ́, tí mo ń rò ó bóyá onílé ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí kóòtù.