Orúkọ tí Mo Fi Bo Màmá Ọlọ́ṣẹ Láṣìírí

Mamobi, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò fún àwọn olùwádìí. Màmá Ọlọ́ṣẹ ni mo bá níbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà. Accra ni wọ́n bí èmi sí. Ìyá mi nìkan ló ń bá mi sọ Yorùbá, ó sì ti kú. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí Màmá ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," omi bọ́ lójú mi.

Mo ka ìwé ìgbàṣẹ fún wọn: a ó gba ohùn wọn sílẹ̀, a ó yí orúkọ wọn padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwọn ni. Wọ́n tẹ̀ka sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjà la ń sọ. Ibẹ̀ ni Màmá ti ní Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì àwọn, kò sì sẹ́ni tó tún pe àwọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà táwọn ti dé Ghana.

"Pè mí bẹ́ẹ̀ kí n gbọ́."

Mo pè wọ́n. Wọ́n wá sọ fún mi nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sílé kí wọ́n tó wá fẹ́ ọkọ níbí. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Accra ò mọ̀ rárá.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ. Ó yẹ kí n pa á, kí n bi wọ́n bóyá èyí náà lè wọ ìwé. N ò bi wọ́n. Ṣe ni mo jókòó, tí mo ń gbọ́ Yorùbá bí ìgbà tí ìyá mi wà láyé.

Nígbà tó di pé kí n yí orúkọ wọn padà, mo kọ Àbẹ̀kẹ́. Mo ní ta ló máa mọ̀ ọ́n ní Accra? Orí mi ò pé lọ́jọ́ náà.

A pe àwọn obìnrin Mamobi jọ láti ka àbọ̀ ìwádìí fún wọn. Bí mo ṣe ka ìtàn Àbẹ̀kẹ́ tó ń ta ọṣẹ, tó bí ọmọbìnrin kan sílé kó tó wá, ìyá àgbà kan tí òun náà wá láti Ọ̀fà yíjú sí Màmá: "Àbí ìwọ kọ́?" Ọmọ Màmá jókòó tì wọ́n. Ó ní, "Màmá, ọmọ wo ló wà nílé?" Màmá tún ìró wọn ró, wọ́n jáde.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, mo pa ohùn náà rẹ́, mo sì yọ ìtàn náà kúrò. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àtẹ ọṣẹ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni rẹ́rìn-ín sí oníbàárà.

"Madam, wopɛ deɛn?"

Twi ni, èdè Ghana. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun báyìí. Mo máa ń ní kí wọ́n tún gbàṣẹ bí ọ̀rọ̀ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Àárò Màmá ń sọ mí. Oṣooṣù ni mò ń lọ ra ọṣẹ. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń kí wọn ní Yorùbá, Twi ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.