Ìkọ́kọrẹ́ Tí Wọ́n Gbé fún Ajá

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iyán ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ewùrà nígbà tí mo fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Nílé wa, bí ewùrà bá ṣèèṣì wà nínú iṣu tí wọ́n rà, ewúrẹ́ ni wọ́n ń gé e fún. Àṣé òun ni ọkọ tèmi fi ń lálàá. Àwọn Ìjẹ̀bú á rin ewùrà, wọ́n á máa jù ú sínú ọbẹ̀ epo tí ẹja àti edé kún inú rẹ̀, wọ́n á sè é títí yóò fi ki, wọ́n á pè é ní ìkọ́kọrẹ́. Bí ara ọkọ mi kò bá yá, ìkọ́kọrẹ́ ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn ní Sẹkitéríàtì, ìkọ́kọrẹ́ ni. Bí òjò bá rọ̀, ìkọ́kọrẹ́ náà ni.

Agbowó là ń gbé láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́. Màmá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa, àwọn ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ọwọ́ yún mi títí dé ìgúnpá, mo họ ọ́ títí ó fi wú. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa fi epo pupa pa ọwọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá ti ju ewùrà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kí n dé e, kí n má fi ohunkóhun kàn án títí yóò fi dì, torí bí èèyàn bá tètè rò ó, gbogbo rẹ̀ á yọ́. Kẹrosíìnì ti di ohun àwátì nígbà yẹn. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo ń lọ bù lọ́dọ̀ àwọn onípákó Bódìjà ni mo fi ń dáná, èéfín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí lójú. Nígbà tó yá, màmá tọ́ tèmi wò, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tàwọn mọ́.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Challenge, Àǹtí Challenge là ń pè wọ́n. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ wá fún àbúrò wọn, bí ẹni pé ebi ń pa á lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá bá ọkọ ẹni jáde nínú ìyá kan náà, ọkọ ẹni náà ni, nítorí náà mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n á kọjá lára mi, wọ́n á ṣí ìkòkò mi.

"Ìyàwó, kí lo tún fi ewùrà ṣe báyìí?"

Mo gba ìyẹn mọ́ra. Èyí tí n kò lè gbà mọ́ra ni ti Sátidé kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi méjì wá láti ibi iṣẹ́. Mo ti wà nídìí èéfín láti àárọ̀. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú wọn, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án tí ọkọ mi fi là á mọ́lẹ̀.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o. Ọmọ Èkìtì ni, ó ṣì ń kọ́ ọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ti gidi bọ̀."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kúlà dé, ọkọ mi dìde fúnra rẹ̀, ó kó abọ́ mi jọ, ó gbé e lọ sẹ́nu géètì, ó dà á síwájú ajá onílé. Ajá jẹ ẹ́, ó sì lá ilẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ń wò ó. N kò sunkún. Inú ló ń bí mi, ó ń bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, ó dáa, ẹ máa rí mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tètè dáná. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ńlá ni mo rà sí i. Nígbà tí Àǹtí dé, wọ́n gbé kúlà sí kíṣìnì, wọ́n bọ́ sí pálọ̀ láti bá àwọn ìbejì mi ṣeré. Mo kọ́kọ́ bu tèmi sínú abọ́ kan, mo da tiwọn sínú ìkòkò mi. Mo da tèmi sínú kúlà wọn.

Mo bu oúnjẹ látinú kúlà fún ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ mi bu òkèlè kan, ó di ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní kú o! Ìyàwó, wá gbọ́ mi, èyí ni ìkọ́kọrẹ́." Ó fa ẹja yọ, ó gbé e sókè. "Ẹja àrọ̀! Èmi nìkan lẹ ra èyí fún?"

Àǹtí wo ẹja náà. Pánlá ni wọ́n máa ń fi sí tiwọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn. Mo ń wo ẹnu wọn bó ṣe ṣí, tó sì pa dé.

"Ṣé ìwọ náà ò tó ẹni à ń ra ẹja àrọ̀ fún ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá sọ òtítọ́ ni, bóyá ǹ bá dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ìyìn èéfín tó wọ̀ mí lójú, wọ́n fi sápò. Mo wọlé, mo bu ti inú ìkòkò wá.

"Baba Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ tèmi náà wò."

Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó yínmú.

"Omi lásán! Iyọ̀ ò sí, ata ò sí. Ìyá Ìbejì, ti òní burú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ajá gan-an ò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó."

Àǹtí ti rí pánlá tó léfòó nínú abọ́ náà. Wọn ò tọ́ ọ wò.

"Ti ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń bú yẹn," mo ní. "Mo pààrọ̀ wọn. Tèmi lẹ jẹ tí ẹ fi di ojú."

Àǹtí dìde, wọ́n gbé kúlà wọn láìjẹ́ kí n fọ̀ ọ́.

"Ìyàwó, o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àǹtí, èmi kọ́ o. Àbúrò yín ló sọ̀rọ̀."

Wọn ò gbé kúlà wá sílé wa mọ́. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí, ó ní eré lòun ń bá mi ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajá yẹn. Mo ní èmi náà, eré ni mò ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, iyán ni. Bí òjò rọ̀, iyán. Bí ara rẹ̀ ò yá, iyán, tó fúnra rẹ̀ gún. Tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti àwọn ìbejì àti màmá Ìjẹ̀bú á jókòó sẹ́yìnkùlé, a ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, n ó fọ ìkòkò. Ó máa ń dé, á máa fimú fínlẹ̀ kiri kíṣìnì.

"Tèmi dà?"

"Ti ọmọ Èkìtì ni. Ẹ ò lè jẹ ẹ́."

Ojú ń tì í láti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bú oúnjẹ wọn. Ó wá a dé gbogbo búkà Agbowó, ìrẹsì àti ẹ̀wà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bá. Nígbà tó sú u, ó ra ewùrà bọ̀ láti ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé páànù ka itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọwọ́. Ó họ ọ́ dé ìgúnpá. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ìyá Ìbejì, ṣé báyìí ló máa ń yún ìwọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní gbogbo ìgbà tí o bá sè é?"

"Gbogbo ìgbà ni."

Irọ́ ni mo pa. Igo epo pupa wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Mo fara ti ilẹ̀kùn, mo jẹ́ kó họra.

Ó sè é fúnra rẹ̀. Mo rí i tó ń rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó jiná, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó wú gbé abọ́ kan fún mi, ó dúró tì mí bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n kí òun. Mo tọ́ ọ wò.

"Ẹ ṣì ń kọ́ ọ ni," mo ní.

Mo gbé abọ́ náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sẹ́nu géètì, mo dà á síwájú ajá. Nígbà tí mo yíjú padà, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wò mí. Mo fẹ́ kó rí mi.