Fóònù Inú Omi Òkú

Wàsílátù kì í ṣe ẹni tí ẹ ó ṣẹ̀ tí yóò gbàgbé, kò sì yẹ kó gbàgbé. Aṣọ ló ń rán ní Ìlá wa níbí, òun náà ló sì máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí àdúgbò wa.

Lọ́jọ́ tí ìyá tirẹ̀ kú, ó ti gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Ọ̀tan. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é: a kì í ṣàdédé túfọ̀ ìyá fún ọmọ. Àwọn àgbà ló ń lọ bá a, wọ́n á ní ara màmá ò yá, wọ́n á sì mú un lọ́wọ́ títí dé ilé. Àwọn àgbà ti wà lórí ọ̀kadà nígbà tí Fáòsíátù, aráalé ìyá náà, ya fọ́tò ojú òkú náà, pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀, ó gbé e sórí wasáàpù. Àárín àwọn oníbàárà ni Wàsílátù ti rí i, ó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tó bi Fáòsíátù, èsì tí ìyẹn fún un ni pé ayé ti lajú, òun kọ́ lòun pa á. Ojú tó là tí kò mọ ìtìjú, ojú wo nìyẹn? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọlọ́run ò sùn. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ìyá Fáòsíátù náà kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Wàsílátù. Ó gbé bútà rẹ̀ wá, èmi ni mo ń bá a pọnmi. Ó wo ọmọ olóòkú, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní fọwọ́ kan òkú. Àáfà bẹ̀ ẹ́ títí láti ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Fáòsíátù gbé e sílẹ̀.

Wàsílátù jù ú sínú bàsíà tó wà lábẹ́ pákó ìwẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Ó rọra ń wẹ ìyá náà bí ẹni ń wẹ ìkókó, omi ń ṣàn lé fóònù lórí títí iná rẹ̀ fi kú. Ta ni yóò ki ọwọ́ bọ omi òkú? Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Fáòsíátù bú sẹ́kún. Ó ní gbogbo àwòrán màmá òun ló wà nínú ẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, òun ò ní òmíràn.

Wàsílátù fún omi kúrò lára aṣọ ìwẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá tèmi náà rẹ́rìn-ín láyé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú báyìí, èyí tí o yà nìkan ni mò ń rí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra pa ẹnu ìyá Fáòsíátù dé.