Kí Àdúrà Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Mi

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú pálọ̀ mi ní Àgbádárìgì: èmi, àgbà ìjọ wa, àti ìyá Ègùn tó ń gbé ilé kejì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó mi bí kó tó kú, ti wọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ ta àgbọn ní Àjàṣẹ́. Ọ̀sán ló yẹ kó dé. Àwọn apẹja wá sọ pé àwọn rí ọkọ̀ kan tó dojú dé létí omi ní Àjárá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti tukọ̀ lọ wò ó. Àgbà ìjọ ní ká gbàdúrà.

"Ìwọ lo bí i. Bẹ̀rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Olúwa, dá ọmọ mi padà fún mi."

Nígbà tó yá, àgbà ìjọ la ojú kan.

"Ó tán ni?"

"Ó tán, Bàbá."

"Ìyẹn kì í ṣe àdúrà. Bí ẹni rán ọmọdé níṣẹ́ ni."

Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nígbà tí irun mi ti ń funfun, n kò bá a jiyàn. Nígbà àìsàn ìyàwó mi, àdúrà àgbà ìjọ yìí ni mo há sórí. Ẹnu mi ń sọ ọ́, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, gbólóhùn kan péré ni mo ní.

Ó gbà á lẹ́nu mi. Ó dúpẹ́ fún ọ̀run àti ayé. Ó gbàdúrà fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pé kí ọ̀fìnkìn rẹ̀ lọ. Ó tọrọ òjò, ó rántí àwọn tó ń sá ẹja, ó ní kí Olúwa má kánjú. Ó kan àwọn opó, ó kan àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti kú, ó fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká. Ó kan àwọn tó wà nínú rélùwéè.

"Ọmọ náà, Bàbá ìjọ," ìyá Ègùn wí.

"Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Àwọn tó wà lórí òkun ló ń gbàdúrà fún nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi ni, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Mo fẹ́ dìde, àgbà ìjọ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

"Bàbá, èmi rèé o."

"Káàbọ̀," àgbà ìjọ wí láìlajú. "Kúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ó kúnlẹ̀. Àgbà ìjọ gbé ohùn sókè, kí Olúwa wá a rí níbikíbi tó bá wà, kí ẹja má jẹ ẹ́.

"Àmín," ọmọ mi wí. Ó tẹ̀ sétí mi. "Bàbá, ta ló kú?"

"Ìwọ ni."

Ìyá Ègùn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní ọkọ̀ wọn ló ń jò. Wọ́n wọ́ ọ gúnlẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé láti dí ihò rẹ̀, òun sì fẹsẹ̀ rìn wálé.

"Ẹ rí agbára àdúrà tó gùn?" àgbà ìjọ wí.

"Ọmọ ti wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó kí ọba tán," ìyá Ègùn dá a lóhùn.

"Ìdí nìyẹn tí n kò fi kánjú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu yàrá ọmọ mi. Ó ṣì ń sùn. Mo la ojú mi sílẹ̀, mo sọ fún Olúwa pé mo ti rí ọmọ mi gbà padà. N kò rí nǹkan mìíràn fi kún un. Mo lọ gbé omi kaná.